Ilé Tó Bí El Monte: Obìnrin Méjì ní Marianao, Àwọn Àgbà Lùkùmí, àti Ojú Ìwé Tí Wọ́n Yọ

 

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, arákùnrin kan tó ń gbé ní òkè òkun, tó tẹ̀fá lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, fi ẹ̀dà ìwé El Monte ránṣẹ́ sí mi. Fọ́tókọ́pì ni, wọ́n fi okùn rán an pọ̀ bí ìwé orin àtijọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ ìwé náà, bí kò tilẹ̀ ju orúkọ lọ. Lydia Cabrera ló kọ ọ́, Havana ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1954, ó lé ní 500 ojú ìwé. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àkójọ ewé àti igi, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn ará Kúbà ń pè wọ́n ní èdè Spéènì, ní Lùkùmí àti ní Kóńgò. "Igbó" ni àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí. Ìwé tí wọ́n bá kọ igbó sí lórí, babaláwo wo ni kò ní ṣí i? Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, mi ò kọ́ Spéènì rárá, nítorí náà mo gbé ìwé atúmọ̀-èdè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí mo bá ka ojú ìwé mẹ́rin lóòjọ́, mo ti ṣe gudugudu méje.

Ní 2023, Duke University Press tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. David Font-Navarrete ló túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi kan rà á fún mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi méjèèjì wé ara wọn, ìpínrọ̀ sí ìpínrọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé nǹkan kan kò bára mu. Nínú fọ́tókọ́pì mi, ojú ìwé kan parí sí àárín gbólóhùn, èyí tó tẹ̀ lé e sì ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Láti ọjọ́ yìí wá, mo ti rò pé Spéènì mi ni kò múná dóko. Àṣé wọ́n yọ ojú ìwé kúrò níbẹ̀ ni! Mo pe arákùnrin náà lórí fóònù. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo yọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí i. Àwọn èèyàn á fi bú ẹ̀sìn wa ni."

Ohun tó yọ ni ibi tí àwọn àgbà Lùkùmí ti sọ fún Cabrera nípa ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin nínú ilé òrìṣà ní Havana.

Kí n tètè sọ ọ́ kó má bàa rú yín lójú: mi ò jókòó láti dá ẹjọ́ ohun tí òrìṣà gbà tàbí ohun tí kò gbà. Àwọn tó fẹ́ ṣe àríyànjiyàn yẹn mọ ara wọn. Ìtàn ìwé ni mo fẹ́ sọ, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́, àwọn tó wà nílé nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, àti ibi tí ìwé tó ṣẹ́kù lọ. Torí bí mo ṣe ń wá ojú ìwé tí wọ́n yọ yẹn kiri ni mo rí i pé kì í ṣe arákùnrin mi ló kọ́kọ́ yọ nǹkan nínú ìtàn El Monte. A ti ń yọ ọ́ tipẹ́. Gbogbo wa.

Ọdún 1899 ni wọ́n bí Lydia Cabrera. Bàbá rẹ̀, Raimundo Cabrera, jẹ́ lọ́yà àti òǹkọ̀wé, ó sì ní ìwé ìròyìn tirẹ̀ tó ń jẹ́ Cuba y América. Inú ìwé ìròyìn bàbá yìí ni ọmọbìnrin náà ti kọ́kọ́ kọ̀wé nígbà tí kò tíì dàgbà, ó fi orúkọ "Nena" bojú. Nínú ilé olówo bẹ́ẹ̀ nígbà náà, àwọn adúláwọ̀ ló ń se oúnjẹ, àwọn ló ń tọ́mọ, àwọn ló ń ránṣọ. Ọdún 1886 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú ní Kúbà. Ẹni tó ń sọ àlọ́ fún ọmọ nínú ilé náà lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sínú ẹrú. Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn bí a ṣe ń lọ.

Ní 1927 ó lọ sí Paris, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní École du Louvre. Ó máa ń sọ nígbà tó dàgbà pé létí odò Seine ni òun ti rí Kúbà, ọ̀rọ̀ tí àwa tí a ti gbé òkè òkun rí mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàtàkì nígbà yẹn ni Teresa de la Parra, ọmọ Venezuela, òǹkọ̀wé tó lórúkọ púpọ̀ ju tirẹ̀ lọ lákòókò náà. Ikọ́ ife mú Teresa. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ní Leysin lórí òkè Switzerland, Lydia sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn àlọ́ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn adúláwọ̀ Kúbà kí aláìsàn náà lè rí ohun kà lórí ibùsùn. Bí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Gallimard tẹ̀ ẹ́ ní Paris ní 1936 ní èdè Faransé, Francis de Miomandre ló túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Teresa síwájú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Teresa kú ní Madrid. Ọdún 1940 ni ti Spéènì tó jáde ní Havana, tí Fernando Ortiz, ọkọ ẹ̀gbọ́n Lydia, kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ sí.

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn yìí nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, Ortiz la máa ń kọ́kọ́ rí. Wọ́n á ní ó tọ́ ọ sọ́nà, ó sì ràn án lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé àkọ́kọ́ kò ti ọwọ́ Ortiz wá. Orí ibùsùn obìnrin kan tó ń kú lọ ló ti wá, lọ́wọ́ obìnrin mìíràn tí kò fẹ́ kó kú. Ní 1988, nígbà tí Lydia ṣì wà láàyè, Rosario Hiriart tẹ àwọn lẹ́tà tí Teresa àti Gabriela Mistral kọ sí i jáde ní Madrid. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ kà á. Sylvia Molloy, ọmọ Argentina tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ ní 1995 nípa bí àwọn tó ń tọ́jú orúkọ Teresa ṣe ń fi ìfẹ́ obìnrin pa mọ́ nínú ìtàn rẹ̀. José Quiroga náà kọ nípa Lydia ní 2000. Lydia fúnra rẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ sí gbangba títí ó fi kú.

Ó padà sí Kúbà ní 1938. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbi yìí, torí ibí ni ilé wà.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ María Teresa de Rojas, Titina ni wọ́n ń pè é. Òpìtàn ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kíka ìwé ọwọ́ àtijọ́ tí ojú lásán kò lè kà. Ó jókòó sí ibi tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn akọ̀wé òfin Havana pamọ́ sí, ó ka ìwé ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àkójọ rẹ̀ jáde ní 1947. Ìwé títa ilẹ̀, ìwé ogún, ìwé títa ènìyàn, irú nǹkan wọ̀nyẹn ló wà níbẹ̀. Titina yìí àti Lydia jọ ń gbé ní Quinta San José, ilé ńlá àtijọ́ kan ní Marianao, lẹ́yìn odi Havana. Wọ́n tún ilé náà ṣe, wọ́n kó ohun èlò àtayébáyé Kúbà sí i, wọ́n fẹ́ kó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́jọ́ kan. Wọ́n jọ gbé, wọ́n jọ ṣiṣẹ́, wọ́n jọ kúrò nílùú, ikú ló sì yà wọ́n.

Nítòsí ilé náà ni Pogolotti wà, àdúgbò òṣìṣẹ́ tí adúláwọ̀ pọ̀ sí. Ẹ wo bí ibùgbé ṣe ń ṣe ìwé! Ká ní ààrin ìgboro àwọn ọlọ́lá ni wọ́n kọ́ ilé yẹn sí, àgbà wo ni yóò fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀? Láti Pogolotti, arúgbó lè wá ní ìrọ̀lẹ́, kó jókòó, kó mu kọfí, kó sọ ìdajì ọ̀rọ̀, kó sì fi ìdajì sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá awo jókòó rí mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń jáde nìyẹn. Kì í ti inú ìbéèrè oníbèéèrè jáde.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un ni Teresa Muñoz, aránṣọ tó ti ń bá ìdílé wọn ránṣọ tipẹ́. Orúkọ rẹ̀ nínú òrìṣà ni Omí Tomí, ọmọ Yorùbá yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé omi ló ni í. Òun ló mú un dé ọ̀dọ̀ Calixta Morales, Oddeddei, tí a ń gbọ́ ọdẹ nínú orúkọ tirẹ̀. José de Calazán Herrera tún wà níbẹ̀, ẹni tí ìwé pè ní Bangoché; kò ṣòro fún wa láti gbọ́ Bámgbóṣé nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló ni ẹnu, Lydia ló ni gègé. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú El Monte òun fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn adúláwọ̀ ni òǹkọ̀wé tòótọ́. Àmọ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ìwé, owó tó bá sì wọlé, mi ò rò pé ó dé Pogolotti. Kí n má purọ́, ó máa ń dùn mí. Ọmọ olówó ló kọ̀wé, ọmọ ẹrú ló sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ tí mo ní sí ìwé yìí kò ní kí n gbójú fo ìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi. Ní Havana ìgbà yẹn, ilé ọlọ́lá ní baálé, baálé ló sì ń sọ ẹni tó lè gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Ọkọ wo nínú irú àwọn ọlọ́lá wọ̀nyẹn ni yóò jẹ́ kí ìyàwó òun àti babaláwo arúgbó jókòó láti ọ̀sán di alẹ́ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ní Quinta San José kò sí baálé. Obìnrin méjì ló ni ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ṣí i. Mo gbà pé àwọn àgbà náà rí irú ilé tí wọ́n wọ̀. Àgbà kì í wọ ilé kó má mọ ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Wọ́n rí i, wọ́n sì jókòó. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kò ní sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n ọkùnrin.

Nígbà tí iṣẹ́ náà pé, kò ti ọwọ́ ilé ìtẹ̀wé ńlá kankan jáde. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú àtẹ̀jáde 1954, ẹ ó rí Ediciones C.R. Lẹ́tà méjèèjì yẹn dúró fún Cabrera àti Rojas. Ilé ìtẹ̀wé tiwọn ni, wọ́n sì pe ọ̀wọ́ ìwé wọn ní Chicherekú, ère kékeré tí àwọn àgbà ibẹ̀ sọ pé ó máa ń rìn lóru. Ibẹ̀ náà ni àkójọ òwe àwọn àgbà ti jáde ní 1955, àti Anagó ní 1957, ìwé ọ̀rọ̀ Lùkùmí tí ẹnikẹ́ni tó bá ń wádìí èdè wa ní Kúbà kò lè ṣaláìṣí. Nítorí náà ìwé tí a ń pè ní ìwé ẹ̀sìn, àbí ìwé ewé, ìwé tí àwọn kan ní Miami àti Havana ń pè ní Bíbélì olórìṣà, orúkọ obìnrin méjì tó jọ ń gbé wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. A kàn ń ka lẹ́tà méjì kọjá ni.

Ó wá kan ojú ìwé tí wọ́n yọ. Àwọn àgbà sọ fún un pé láyé àtijọ́, àwọn kan tí wọ́n ń pè ní addóddi pọ̀ nínú ilé òrìṣà, àti àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní alacuattá. Wọ́n dárúkọ Papá Colás, ọmọ Ọbàtálá kan ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó máa ń bá òrìṣà rẹ̀ jà nígbà tí inú bá bí i. Ó múra bí obìnrin, ó tan àlùfáà ìjọ Páàdì jẹ, wọ́n sì so òun àti ọkùnrin mìíràn pọ̀. Wọ́n tún dárúkọ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Zumbáo, ìyálórìṣà Inle, tó ń gbé ní Loma del Ángel ní Havana àtijọ́, tí àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ kó ara wọn jọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Inle ni Erinlẹ̀. Erinlẹ̀ tí àwa mọ̀ ní Ìlobùú, ọdẹ tó di odò. Kí ló gbé e dé orí òkè àwọn obìnrin yẹn? Ibùgbé náà ni. Ní Havana, wọ́n fi Inle bojú lẹ́yìn San Rafael, ẹni mímọ́ ìjọ Páàdì, ọjọ́ rẹ̀ sì ni 24 October. Ṣọ́ọ̀ṣì áńgẹ́lì ló wà lórí Loma del Ángel. Àwọn tó ń gbé yí ṣọ́ọ̀ṣì náà ká ló ń ṣọdún rẹ̀, adúláwọ̀ àti àwọ̀-àdàlù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òrìṣà tó ti Ìlobùú lọ rí àdúgbò tuntun, àdúgbò náà sì fún un ní ọmọ tuntun. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹnu àgbà ló wà títí obìnrin kan fi ṣílẹ̀kùn ní Marianao.

Àwọn àgbà náà kò fẹnu kò. Ẹni tó ń bú wọn wà, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín wà. Lydia kọ gbogbo rẹ̀ papọ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ẹ ò rí i pé irú ìwà yẹn náà ló yẹ ká máa hù sí ẹsẹ Ifá? Ẹni tó bá ń gbọ́ ẹsẹ tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, ṣé ó máa ń yọ ọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ addóddi yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ ibi tó ti wá, mi ò ní là á sílẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ èébú ni lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ó rìn lọ sí Kúbà, ó wọ inú ìwé, ó sì ti ibẹ̀ rìn jáde. Ní 1986 àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fẹ́ ọkùnrin dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Adodi ni wọ́n pè é, wọ́n ní ọ̀rọ̀ Yorùbá ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Mo wá ronú pé ọmọ tí wọ́n gbé lọ ní 200 ọdún sẹ́yìn ló ń wá orúkọ nínú èdè bàbá rẹ̀, ohun tó sì rí níbẹ̀ náà nìyẹn, ó nù ún mọ́, ó fi sọrí. Ẹ̀rín mi dáwọ́ dúró.

Ìjọba Fidel Castro dé ní 1959. Ní 1960 Lydia àti Titina kúrò ní Kúbà, wọn kò sì padà mọ́. Ilé Marianao lọ. Wọ́n wó o lulẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ohun tó kó dání ni àkọsílẹ̀ rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kò tẹ ìwé kankan jáde. Ẹni tí igbó rẹ̀ sọnù, kí ni yóò kọ? Ní 1970 ló tó bẹ̀rẹ̀ padà ní Miami, láti inú àkọsílẹ̀ tó kó wá yẹn: Otán Iyebiyé ní 1970, Yemayá y Ochún ní 1974, Koeko Iyawó ní 1980. Lẹ́tà C àti R náà bá wọn sọdá òkun, Chicherekú náà sì dé Miami pẹ̀lú wọn. Ó kú níbẹ̀ ní September 1991.

Ìwé rẹ̀ tó ṣẹ́kù, lẹ́tà, fọ́tò, àkọsílẹ̀, wà ní Yunifásítì Miami, níbi tí wọ́n ń pè ní Cuban Heritage Collection. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ ibẹ̀, ogún àwọn ará Kúbà ni. Àwùjọ tó sá kúrò nílùú ló gbà á, ohun tí àwùjọ náà sì ń wá nínú rẹ̀ ni Kúbà tó sọnù. Olórìṣà tó bá lọ síbẹ̀ ń wá ewé àti èdè. Àwọn tó ń wá ìtàn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ń wá Teresa àti Titina. Àpótí kan náà ni gbogbo wọn ń ṣí. Olúkúlùkù á mú tirẹ̀, á sì dé e padà bíi pé kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Nínú ìwé púpọ̀ tí mo kà nípa rẹ̀, "ọ̀rẹ́" ni wọ́n ń pe Titina, wọ́n á sì kọjá lọ.

Ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n dúró ní Havana kò ṣòro láti fojú inú wò. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ìtẹ̀wé mìíràn ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1961 José Mario, akéwì, àti àwọn ọ̀dọ́ kan dá El Puente sílẹ̀ ní Havana, ilé ìtẹ̀wé kékeré tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, tí àwọn kan sì ń fẹ́ ẹni tó jọ wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ló tẹ Poesía yoruba tí Rogelio Martínez Furé kó jọ, ní 1963. Ẹ gbọ́ mi o: ewì Yorùbá, ní Kúbà, láti ọwọ́ irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1965 wọ́n ti ilé ìtẹ̀wé náà pa. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìwà ìbálòpọ̀ kàn wọ́n, wọ́n sì gbé José Mario lọ sí UMAP, àgọ́ iṣẹ́ àṣekára tí ìjọba kó irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́sìn kan sí láti 1965 dé 1968. Onísìn àti ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin nínú àgọ́ kan náà! Ẹni tó bá rò pé ìtàn àwọn méjèèjì kò kan ara wọn, kó tún ibẹ̀ kà. Ní 2010 Castro fúnra rẹ̀ gbà nínú ìwé ìròyìn kan pé ẹ̀bi náà wà lọ́rùn òun. Ní September 2022 àwọn ará Kúbà dìbò lórí òfin ìdílé tuntun, ó sì fàyè gba ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Ní ti El Monte, àwọn olórìṣà tó wà ní erékùṣù náà ń fi ọwọ́ dà á kọ, wọ́n ń yá ara wọn, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí Havana tó tún un tẹ̀.

Ibi tó yàtọ̀ sí ti Miami wà, ilé àwọn obìnrin ní New York tí wọ́n ń pè ní Lesbian Herstory Archives. Inú ilé Joan Nestle ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1974. Ìwé kún ibi gbogbo nílé títí wọ́n fi ṣí ilé tirẹ̀ ní Brooklyn ní 1993. Wọn kò gbé e fún yunifásítì, torí wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ìtàn náà jẹ́ tirẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Kò jìnnà sí bí àwa náà ṣe ń tọ́jú nǹkan: ilé awo ló ń tọ́jú ti awo. Audre Lorde wà lára àwọn tí orúkọ wọn so mọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní Harlem. Ìwé ewì rẹ̀ The Black Unicorn, 1978, kún fún Yemọja àti àwọn òrìṣà wa àti ti Dahomey, ó sì to ìtumọ̀ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn ìwé. Kò tẹ̀fá, kò sì pe ara rẹ̀ ní olórìṣà tí mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń wá bí orúkọ Yemọja ṣe dé etí àwọn ọmọbìnrin kan ní Amẹ́ríkà, yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Mo padà sílé. Nígbà tí mo gbé fọ́tókọ́pì àti ìtumọ̀ tuntun náà lọ sí ìpàdé àwa tí à ń bójú tó láíbìrì, mo mọ̀ pé ariwo á sọ. Ẹnì kan dárúkọ òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní January 2014. Ẹlòmíràn ní kí á tọ́jú apá ewé, kí á fi ìyókù sílẹ̀. Àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ kò sọ nǹkan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó béèrè pé, "Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ náà, ṣé wọ́n ṣe ìtẹ̀fá, ṣé wọ́n ní òrìṣà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní òrìṣà, òmíràn nínú wọn sì ju 80 ọdún lọ nígbà tó sọ ọ́. Ó ní, "Ṣé àwa wá ni ká máa yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà?" Wọn kò dìbò. Wọ́n kàn ní kí n ṣe bí mo bá ti rí i pé ó tọ́.

Ọ̀rẹ́ kan tó ní àtẹ̀jáde Spéènì ya ẹ̀dà ojú ìwé tó sọnù fún mi. Mo gé etí rẹ̀ kó bára mu, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sí ààyè rẹ̀. Èmi àti akọ̀wé wa sì jókòó láti kọ káàdì. Níbi òǹkọ̀wé, a kọ Lydia Cabrera. Lábẹ́ rẹ̀ mo ní kó kọ Omí Tomí, Oddeddei, Bangoché. Níbi ilé ìtẹ̀wé, Ediciones C.R., mo sì ní kó la lẹ́tà méjèèjì: Cabrera àti Rojas. Ó wá kan ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí ìwé dá lé. Mo ní kó kọ ewé, Ọ̀sanyìn, Erinlẹ̀, Kúbà, Marianao. Ó kọ ọ́, ó sì dúró.

"Bàbá, ṣé ìyẹn nìkan ni?"

Mo ní kó fi obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin àti ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin kún un. Ó gbé báírò sílẹ̀, ó wá pẹ́ńsù nínú àpótí, pẹ́ńsù yẹn ló sì fi kọ ọ́.